Bí A Ṣe Ń Fi Silica Gel Gba Ẹ́ńjìnnì Bàálù Tó Wà ní Ìdúró Lọ́wọ́ Ìpẹtà

Nínú ẹ́ńjìnnì bàálù onípístìnì tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìfò, inú lọ́hùn-ún ni ìpẹtà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Orí camshaft (ọ̀pá tó ń mú kí fáàfù ṣí) àti ojú àwọn lifter (irin kéékèèké tí camshaft ń tì) ló máa ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ló kan ògiri silinda. Irin líle ni gbogbo wọn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ wọn lára nìkan ló sì ń dáàbò bò wọ́n. Nínú ẹ́ńjìnnì Lycoming, camshaft wà lókè crankshaft, ìyẹn ọ̀pá ńlá tí àwọn pístìnì ń yí, nítorí náà ọ́ìlì tètè máa ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Continental, ìsàlẹ̀ ni camshaft wà, ó sì máa ń rí ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ibi tí ìpẹtà bá ti jẹ ihò kéékèèké sí, ibẹ̀ náà ni ojú irin á ti máa ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí èérún irin bá ti ń hàn nínú fílítà ọ́ìlì, títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ ló sábà máa ń kẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni omi tó ń fa ìpẹtà yìí ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni epo fúnra rẹ̀: lítà epo kan tó bá jóná máa ń mú nǹkan bíi lítà omi kan jáde. Páìpù èéfín ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà lọ, àmọ́ díẹ̀ ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì pístìnì wọ inú crankcase, ìyẹn àpótí irin tó yí crankshaft ká, ó sì ń bá ọ́ìlì dà pọ̀. Ọ̀nà kejì ni breather, ìyẹn páìpù tí crankcase fi ń mí. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì á tutù, á sún kì, ti ìta á sì wọlé wá dí àyè rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà ní 30°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 60% (ìyẹn 60% gbogbo omi tó lè gbé ní ìwọ̀n ooru yẹn) ní nǹkan bíi gíráàmù omi 18 nínú kúbíìkì mítà kan. Bó bá fara kan irin tó ṣì wà ní 20°C láàárọ̀, kò lè gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 17 lọ mọ́, ìyókù á di ìrì sára irin.

Bí ọ̀rinrin inú ẹ́ńjìnnì bá wà nísàlẹ̀ 40%, ìpẹtà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Tó bá kọjá 60%, eré ló ń sá. Ẹ̀rọ amáfẹ́fẹ́gbẹ tí a fẹ́ tò níbí ń fi pọ́ńpù mú afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì la silica gel kọjá, ìyẹn hóró tó ń gba omi lára afẹ́fẹ́. Gbogbo ohun tó wà fún ni láti mú ọ̀rinrin wá sísàlẹ̀ 40%, kó sì dì í mú síbẹ̀.

Ẹ wo ihò kí ẹ tó wo iye silica gel

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa fi silica gel kún silica gel nígbà tí ọ̀rinrin bá kọ̀ tí kò lọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú crankcase ẹ́ńjìnnì onísilinda mẹ́rin, ká sọ pé ó jẹ́ lítà 20. Ní 30°C, pẹ̀lú ọ̀rinrin 80%, omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì gíráàmù lọ. Kò tó nǹkan kan. Àmọ́ tí pọ́ńpù yín bá ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń fẹ́ lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, lítà 2,880 ló máa fà lójúmọ́, omi inú rẹ̀ á sì tó nǹkan bíi gíráàmù 70. Silica gel tó jẹ́ gíráàmù 500 á kún lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa yípo: kó jáde láti inú silica gel, kó wọ ẹ́ńjìnnì, kó gba breather jáde, kó sì tún padà sínú silica gel náà. Tí òbìrí yẹn bá dè dáadáa, gíráàmù 500 kan náà lè sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, torí kìkì omi tó ń jáde díẹ̀díẹ̀ látinú ọ́ìlì ló ń gbà.

Ohun èlò

Silica gel oníhóró, kí hóró rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 sí 5. Gíráàmù 500 sí kílò kan tó fún ẹ́ńjìnnì onísilinda mẹ́rin. Fún onísilinda mẹ́fà, ẹ fi kílò kan àtààbọ̀ ṣe é. Ẹ ra èyí tó máa ń pàwọ̀ dà láti ọsàn sí àwọ̀ ewé. Èyí tó ń ti búlúù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ní cobalt chloride nínú, wọ́n sì fura sí i pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ, kò yẹ kí ọwọ́ máa bọ̀ ọ́ ṣáá.

Ẹ má ṣe lo calcium chloride, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń gbé sínú àpótí aṣọ, tí omi rẹ̀ ń kán sínú ike. Omi iyọ̀ ni omi yẹn. Tí ẹ̀kán rẹ̀ bá wọ ẹ́ńjìnnì, ohun tí ẹ ń sá fún lẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wọlé.

Pọ́ńpù afẹ́fẹ́ kékeré, irú èyí tí àwọn tó ń sin ẹja nínú àpótí onídígí ń lò, tó ń fẹ́ lítà 2 sí 4 ní ìṣẹ́jú kan. Kò nílò agbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irú pọ́ńpù yìí ń fi gbígbọ̀n ṣiṣẹ́, kò ní kábọ́ọ̀nù tó ń ta iná pàrà, èyí sì ṣe pàtàkì torí ooru epo lè wà nínú crankcase. Ẹ má fi mọ́tò oníkábọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí: ìgò ike gígùn kan tí ọmọrí rẹ̀ ń dè pinpin, àpótí ike oníderí kan tí pọ́ńpù máa wọ̀, rọ́bà aláìláwọ̀ oníhò mìlímítà 6 sí 8, ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin kékeré méjì, òṣùwọ̀n ilé ìdáná, fóòmù àti fílítà epo kékeré tó bá rọ́bà mu, àti silicone tí wọ́n fi ń dí ojú ihò. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa lórí silicone yìí. Èyí tó ń rùn bí ọtí kíkan ń tú ásíìdì sínú afẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń gbẹ. Èyí tí kò ní òórùn kíkan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ tán fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Títo ẹ̀rọ náà

1. Ẹ lu ihò sí ọmọrí ìgò àti sí ìdí rẹ̀. Ìdí ni afẹ́fẹ́ á ti wọlé, orí ni á ti jáde, kó lè la gbogbo silica gel kọjá. Ìgò gígùn tóóró sàn ju èyí tó fẹ̀ lọ: nínú èyí tó fẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá ọ̀nà àbùjá láàárín, ti ẹ̀gbẹ́ á sì wà lásán.

2. Ẹ tẹ́ fóòmù sí ìdí ìgò, ẹ da silica gel sí i, ẹ tún fi fóòmù bò ó lókè. Kí ẹ tó dà á, ẹ fi asẹ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù ní ìta. Eruku silica ń họ irin, kò sì gbọdọ̀ dé inú ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí fílítà epo kékeré yẹn fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìgò, láìsí àwáwí.

3. Pọ́ńpù ẹja kì í ní ẹnu kan pàtó tó fi ń fa afẹ́fẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń fà á. Ẹ gbé e sínú àpótí ike. Rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ silica gel wá á ṣí sínú àpótí, rọ́bà ẹnu pọ́ńpù á gba ara àpótí jáde. Ẹ fi silicone dí ibi tí wáyà iná gbà àti ibi tí rọ́bà méjèèjì gbà. Lẹ́yìn wákàtí kan tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fọwọ́ kan àpótí. Ó lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Tó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, àpótí ti kéré jù.

4. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra nìyí: breather, ìgò kékeré tó ní fóòmù tó ń gba ìkùukùu ọ́ìlì, ìgò silica gel, fílítà, àpótí pọ́ńpù, ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Ẹ má yí i padà. Pọ́ńpù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn silica gel, torí ìkùukùu ọ́ìlì máa ń ba awọ rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, ìgò fóòmù sì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú silica gel, torí hóró tó bá ti mu ọ́ìlì á di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní gba omi mọ́ láé.

5. Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin kan sínú ìgò fóòmù níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì, èkejì sínú àpótí pọ́ńpù. Àkọ́kọ́ ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Ìkejì ń sọ bóyá silica gel ṣì lágbára.

Ẹ̀rọ ìwọn-ọ̀rinrin olówó pọ́ọ́kú lè purọ́. Ẹ po iyọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀ nínú ìdérí ìgò títí á fi rí bí iyanrìn tútù, ẹ gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá tí ẹ dì pa, kí iyọ̀ má kan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn wákàtí 12, 75% ló yẹ kó kà. Tó bá ka 69, ẹ máa fi 6 kún gbogbo ohun tó bá ń kà.

Síso ó mọ́ ẹ́ńjìnnì

Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ṣáájú. Ọ́ìlì tó ti ṣiṣẹ́ ní ásíìdì nínú, ẹ̀rọ yìí sì ń mú omi kúrò ni, kò lè mú ásíìdì kúrò. Lẹ́yìn pípààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi bàálù fò fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ọ́ìlì gbóná dé ìwọ̀n tí Lycoming ń tọ́ka sí, ìyẹn 74 sí 93°C. Títan ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè rọ́pò èyí: omi ni jíjóná ń mú wá, ọ́ìlì kò sì ní gbóná tó láti lé e jáde, nítorí náà ńṣe lẹ ń kún omi inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ọwọ́ yí propeller káàkiri. Ó ń nu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọ́ìlì kúrò lára camshaft àti silinda, kò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, kí ooru omi máa tú jáde fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ ó rí i bó ṣe ń rú. Tí ẹ bá so ẹ̀rọ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, silica gel ló máa gbé gbogbo ooru omi yẹn mì. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì á tutù pátápátá. Ẹ so ó nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí afẹ́fẹ́ ìta má tíì wọlé.

Ẹ fi rọ́bà tó ń ti ọ̀dọ̀ pọ́ńpù bọ̀ sí ẹnu ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, nípasẹ̀ ìdérí tí ẹ lu ihò sí. Kí orí rọ́bà má ṣe wọ inú ọ́ìlì. Ẹ fi rọ́bà kejì mọ́ ìdí breather. Wàyí o, ihò kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí: lára páìpù breather, lókè díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ihò kékeré tàbí ojú gígé kan máa ń wà níbẹ̀, kí crankcase lè rí ibi mí sí bí yìnyín bá dí ìdí páìpù lójú òfúrufú. Ẹ fi tépù dí i. Tí ẹ kò bá dí i, níbẹ̀ ni pọ́ńpù á ti máa fa afẹ́fẹ́ ìta, gbogbo ìṣirò tó wà lókè á sì dà rú. Ẹ so àsíá pupa mọ́ tépù náà kó hàn sí gbogbo ojú.

Ẹ jẹ́ kí pọ́ńpù àti àpótí rẹ̀ wà ní ìta, lórí àga tàbí lára ògiri, níbi tí epo kò lè kán sí i. Rọ́bà nìkan ni kó wọ abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ yọ rọ́bà kúrò ní ìdí breather, ẹ so ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan mọ́ ìdí náà, kí pọ́ńpù máa ṣiṣẹ́. Ọ̀rá gbọ́dọ̀ wú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí kò bá wú, afẹ́fẹ́ ń jò níbòmíràn: ìdérí ibi ọ́ìlì, ọ̀pá ìwọn-ọ́ìlì, tàbí ihò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Omi ọṣẹ á fi hàn yín. Àwọn ìsopọ̀ tó wà láàárín breather àti pọ́ńpù ló le jù láti mọ̀, torí fífà ni wọ́n ń fà, ọṣẹ kò ní hó níbẹ̀. Ẹ yí ẹnu pọ́ńpù padà sí wọn fún ìgbà díẹ̀ kó fẹ́ sínú wọn, kí ẹ tó fi ọṣẹ kàn án.

Àwọn silinda

Crankcase nìkan ni òbìrí yìí ń gbẹ. Òkè pístìnì ń dá dúró, ibikíbi tí propeller bá sì dúró sí, fáàfù silinda kan tàbí òmíràn á wà ní ṣíṣí sí páìpù èéfín tàbí sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Nígbà tí páìpù èéfín bá ti tutù, ẹ fi ìdíhò fóòmù dí i, ẹ dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú. Tí ìdúró náà bá máa ju oṣù kan lọ, ẹ yọ plọ́ọ̀gì òkè ní silinda kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi plọ́ọ̀gì ike onísilica gel sípò rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé magneto, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, wà ní pípa, ẹ sì gbé àkọlé kọ́ propeller pé kí ẹnikẹ́ni má yí i. Ara plọ́ọ̀gì ike yìí mọ́ kedere, ẹ ó máa rí àwọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ́.

Fún ìdúró tó jẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù, ọ́ìlì ìpamọ́ tí ìwé ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì yín dárúkọ ṣì pọn dandan. Ẹ̀rọ amáfẹ́fẹ́gbẹ kì í gba ipò rẹ̀.

Kíka rẹ̀ àti yíyan silica gel

Ọ̀rinrin inú ìgò fóòmù á lọlẹ̀ kíákíá ní wákàtí àkọ́kọ́, á wá máa fà, torí ọ́ìlì kì í tètè tú omi rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó yẹ kó ti wà nísàlẹ̀ 40%, kó sì wá jókòó sí 20 sí 30%. Tó bá ṣì wà lókè 50% lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ wo ẹ̀rọ kejì. Tí àpótí pọ́ńpù bá gbẹ, tí ìgò fóòmù sì tutù, omi ṣì pọ̀ nínú ọ́ìlì tàbí afẹ́fẹ́ ń jò ní ìhà ẹ́ńjìnnì. Tí méjèèjì bá tutù, silica gel ti kún, tàbí ìgò tàbí àpótí fúnra rẹ̀ ló ń jò.

Ẹ má gbára lé àwọ̀ nìkan. Ẹ wọn silica gel nígbà tó gbẹ, ẹ kọ iye náà sára ìgò. Nígbà tí gíráàmù 500 bá ti di 600, ó ti tó yan, ohun yòówù kí àwọ̀ máa sọ.

Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo irin, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, ẹ gbé e sínú ófùn ní 110 sí 120°C fún wákàtí mẹ́ta. Bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọsàn á jóná, kò sì ní pàwọ̀ dà mọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n. Tí kò bá tíì padà sí iye àkọ́kọ́, ẹ fi kún àkókò rẹ̀. Ẹ dà á sínú ìgò oníderí nígbà tó ṣì gbóná díẹ̀, kó tutù níbẹ̀, torí bó bá tutù ní gbangba, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi padà. Èyí tó bá ń rùn ọ́ìlì, ẹ má yan án rárá: èéfín rẹ̀ burú, ó sì lè gbiná.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti tọ́báìnì

Àpò silica gel àti káàdì ọ̀rinrin ni wọ́n sábà máa ń lò, lábẹ́ ìbòrí tó dí ẹnu àti ìdí ẹ́ńjìnnì pa. Ẹ gbé àpò ka orí àwo tàbí kí ẹ so ó kọ́, kó má fara kan irin inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ ka iye àpò, kí ẹ kọ ọ́ sára ìbòrí níta, torí àpò kan tí wọ́n bá gbàgbé sí ẹnu ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á gbé e mì ni. Tí ojú 40% lára káàdì bá ti pàwọ̀ dà, ẹ pààrọ̀ gbogbo àpò.

Níbi tí bàálù bá pọ̀, ẹ̀rọ ńlá tó ní àgbá onísilica gel tó ń yí ló dára jù. Apá kan àgbá náà ń gba omi lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń gbẹ apá kejì. Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tó tutù, níbi tí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi fíríìjì á ti dì. Ohun kan tí wọ́n máa ń gbàgbé ni pé páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ olómi rẹ̀ dànù gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú hángà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi kan náà ni á máa fà ṣáá.

Kí bàálù tó padà fò

Ẹ pa pọ́ńpù, ẹ tú rọ́bà méjèèjì, ẹ dá ìdérí ọ́ìlì gidi padà. Lẹ́yìn náà, tépù ara breather. Bí tépù yẹn bá wà níbẹ̀ nígbà tí ìdí páìpù bá di yìnyín, crankcase kò ní rí ibi mí sí mọ́, èdídí iwájú crankshaft ni agbára inú rẹ̀ á já, ọ́ìlì á sì tú dànù lójú òfúrufú. Ẹ yọ ìdíhò páìpù èéfín àti ti ọ̀nà afẹ́fẹ́, kí ẹ kà wọ́n. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì ike. Tí ọ̀kan bá ti là, ẹ wo inú silinda rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, hóró silica gel lè ti jábọ́ sí i.

Kí ẹ tó dá plọ́ọ̀gì gidi padà, ẹ fi starter yí ẹ́ńjìnnì láìtan iná rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún starter ní ìsinmi láàárín, títí òṣùwọ̀n agbára ọ́ìlì á fi gbéra. Ẹ wá dá plọ́ọ̀gì padà, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ so ẹ̀rọ, ọjọ́ tí ẹ tú u àti iye ọ̀rinrin tó kà kẹ́yìn sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ́ńjìnnì.